Kí O Tó Ra Géèmù Ayé Àtijọ́

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ojú títì. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ ti sùn, o nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ò ń wo ọjà lórí fóònù, ni o bá rí i: géèmù ìgbà èwe wa gan-an, ara funfun, ẹ̀gbẹ́ pupa, páàdì méjì, kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní ni. Oorun dá lójú rẹ. O ti ń ro ẹni tó ń ti Ìgándò lọ sí Ìyànà-Ìbà láàárọ̀ ọ̀la, tó lè yà bá ọ wò ó ní Alábà. Má tíì sanwó o. Gbọ́ tèmi ná.

Mi ò ní kó o má rà á. Owó rẹ ni, o sì ṣiṣẹ́ kó o tó rí i. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i láàrin àwa tó ń gbé Ìdímù yìí, láti Council títí dé ráńdábáọ̀tù Ìṣẹrí: èèyàn á gbé géèmù àtijọ́ wálé tayọ̀tayọ̀, kí oṣù tó parí, ó ti wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, eruku ti bò ó. Tí o bá bi onítọ̀hún, á ní ó ń ṣiṣẹ́, kò sóhun tó ṣe é. Ohun tó ń dunni níbẹ̀ nìyẹn. Tó bá bàjẹ́ ni, a ó bínú sí ẹni tó tà á, ọ̀rọ̀ á tán. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ tí kò sì dùn mọ́ ni kò sẹ́ni tí a lè dá lẹ́bi fún.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ní Alimọ́ṣọ́ kò fọwọ́ kan Nintendo gidi rí. Nintendo gbé ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Famicom jáde ní Japan lọ́dún 1983, wọ́n sì gbé ọmọ ìyá rẹ̀, NES, dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1985. Àdàkọ Famicom yẹn, tí wọ́n ń ṣe ní Taiwan àti Ṣáínà, ló wá kún ọjà wa ní àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú oríṣiríṣi orúkọ lára páálí. Àwa kì í bèèrè orúkọ. Géèmù ni, ó parí.

Ṣé o rántí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ 9999999 in 1 sí lára? Mo bẹ̀ ọ́, ta ló jókòó ka géèmù tó tó bẹ́ẹ̀? Tó o bá yí i lọ sísàlẹ̀, o rí Mario, o tún rí Mario mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kejì, o rí òmíràn tó ń fò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Géèmù bíi mélòó kan ni wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ fún láti òkè dé ìsàlẹ̀. A mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ a máa ń fi yangàn fọ́mọ aládùúgbò pé mílíọ̀nù mẹ́wàá dín ọ̀kan ni tiwa. Ọgọ́rùn-ún péré ni tiwọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ páàdì kejì. Tó o bá ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, o ti mọ ibi tí mò ń lọ. Nínú Famicom gidi, ara páàdì kìíní nìkan ni bọ́tìnnì Start àti Select wà. Ti kejì kò ní wọn. Ọ̀pọ̀ àdàkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó di páàdì kejì mú kò lè bẹ̀rẹ̀ géèmù, kò lè dá a dúró, kò lè yan èyí tó wù ú. Luigi ni yóò jẹ́, àbúrò Mario. Nínú Super Mario Bros. tó jáde lọ́dún 1985, tẹ́ni méjì bá ń ta á, Luigi kì í ṣeré àfi tí Mario bá kú. Kódà nínú géèmù, àbúrò ló ń dúró de ẹ̀gbọ́n.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kì í tètè kú. Mo máa ń jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, páàdì tí kò ní Start lọ́wọ́ mi, tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jìn sí kòtò. Tó bá wá jìn tán, tó kàn mí, ìgbà yẹn gan-an ni Màámi á pariwo láti kíṣìnnì: "Wá bá mi ro ẹ̀wà yẹn, kó má baà jóná o!" Kí n tó ro ẹ̀wà tán kí n padà dé, ẹ̀gbọ́n mi ti "bá mi gbá a". Luigi ti kú. Ó ti kan Mario. Tí mo bá sunkún, á ní kí n má pariwo, kí Màámi má baà ní ká pa á, ká lọ kàwé.

Ká má tíì dárúkọ NEPA. Super Mario Bros. kò ní ibi tí èèyàn ń tọ́jú ibi tó bá a dé sí. Kó o ti gba ìpele kìíní dé ìkeje, kó o wọ ìkẹjọ tó gbẹ̀yìn, kí gbogbo ọmọ ilé ti pé yí ọ ká, kí òógùn ti bo ọwọ́ rẹ, kí wọ́n wá mú iná lọ! Mo ti rí ọkùnrin tó tó fẹ́ ìyàwó tó sunkún nítorí ẹ̀. Tí iná bá dé, "Up NEPA" á ta ní gbogbo àdúgbò, ìpele kìíní náà ni wọ́n á tún ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ariwo pé lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò parí ẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo gbé sọ́kàn lọ́jọ́ tí mo rà tèmi. Mo ti di ìyálé ilé, kò sẹ́ni tó lè pè mí sí kíṣìnnì tèmi. Tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lára ògiri, ìnfátà wà nílẹ̀, iná kì í lọ kí géèmù ó kú. Mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, mo gbé páàdì kìíní, mo fi àtàǹpàkò tẹ Start. Àbúrò mi, orin yẹn dún, ara mi bù máṣọ. Mo ní ọjọ́ ayọ̀ mi dé.

Kí n tó mu omi inú ife mi tán, ó ti sú mi. Mario ń sáré, ó ń fò, ó ń jẹ olú, kò sẹ́ni tó sọ pé "Yéè!" nígbà tó jìn sí kòtò. Nígbà tí mo fo èyí tó ṣòro jù, mo bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó rí i. Àga ni mo rí. Páàdì kejì wà lórí ilẹ̀ níbi tí mo gbé e sí, wáyà rẹ̀ ká rọbọtọ. Kò sẹ́ni tí mo lè fi í dù.

Ohun tí mo wá rò láti ìgbà náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Géèmù yẹn kéré. Gbogbo Super Mario Bros. pátá, ìpele mẹ́jọ, orin, àwòrán, ẹranko inú rẹ̀, kìlóbáìtì 40 ni. Fọ́tò kan tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní òwúrọ̀ yìí, tí wọ́n kọ "ẹ kú ọjọ́ Ajé" sí, ó ṣeé ṣe kó tóbi jù ú lọ. Ẹni tó mọ ọ̀nà àbùjá inú rẹ̀ dáadáa ń parí rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ló dé tí àwa fi lo odidi ọdún mélòó kan lórí ẹ̀? Àwọn ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ló sọ ọ́ di ńlá: iná tó ń lọ, ẹ̀wà tó ń jóná, ọmọ ìyá tó gbé páàdì tí kò fẹ́ gbé e sílẹ̀, ọmọ aládùúgbò tó ní "èmi ló kàn" kó tó bọ́ bàtà. Mo ti ń rò pé páàdì kejì ló ba géèmù jẹ́ fún mi ní kékeré. Àṣé ìdúró yẹn gan-an ni mò ń gbádùn. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wálé láìgbé èèyàn wá, ó gbé ìdajì rẹ̀ ni.

Ìmọ̀ràn mi kìíní rèé, òun sì ni mo ka sí jù: kó o tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé ta ni mo fẹ́ ta á pẹ̀lú? Tí orúkọ kan bá jáde, pe onítọ̀hún lórí fóònù lónìí. Tí orúkọ kan ò bá jáde, fi owó yẹn ra nǹkan míì.

Tí o bá ṣì fẹ́ rà á, ó dáa, jẹ́ n fi ọ̀nà hàn ọ́, kí wọ́n má baà lù ọ́ ní jìbìtì.

Tẹlifíṣọ̀n rẹ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú wa ti mọ́ àwòrán tó mọ́ gaara. Ẹ̀rọ yẹn ń yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìlà 240, tẹlifíṣọ̀n HD tìrẹ sì ní ìlà 1080, á wá fẹ̀ ẹ́ títí tí imú Mario á fi dà bíi búlọ́ọ̀kù. Lórí tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá ti ayé ìgbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn àmì yẹn yọ́ mọ́ra wọn, ìdí nìyẹn tó o fi rántí pé ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, kì í ṣe ojú rẹ ló tàn ọ́. Ṣí sẹ́tínìsì tẹlifíṣọ̀n rẹ, wá ibi tí wọ́n kọ 4:3 sí, yan án, kí wọ́n má baà fa Mario fẹ̀ bí ẹni tó jẹun àsè. Tún wá Game Mode, kó o tàn án. Tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń kọ́kọ́ tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, èyí sì ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. O ti tẹ bọ́tìnnì kó fò, kó tó fò ó ti jìn sí kòtò. Ọ̀pọ̀ tó ní ọwọ́ àwọn ti kú látọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ wọn ò kú, tẹlifíṣọ̀n ló ń falẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìbọn ló wù ọ́, ìbọn tí a fi ń yìn pẹ́pẹ́yẹ nínú Duck Hunt, má wulẹ̀ dà á láàmú. Ojú kan wà nínú ihò ìbọn yẹn tó ń wá ìmọ́lẹ̀. Tó o bá fa á, tẹlifíṣọ̀n á ṣú fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà nìkan á funfun, ojú inú ìbọn á wò ó bóyá òun ló kọjú sí. Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá nìkan ló ń yára ṣe é tó. Lórí ti ara ògiri, ìbọn yẹn fọ́jú pátápátá, ajá inú géèmù náà á sì máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ajá yẹn! Mi ò tíì dárí jì í di òní.

Ọ̀rọ̀ iná tún ń bẹ. Iná Japan jẹ́ 100 fóòtì, ti Amẹ́ríkà 120, tiwa ń lọ sí 240. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ ojúlówó láti ibẹ̀, tí wọn kò fi step-down sí, tó o bá kì í bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, òórùn ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ. Dojú ẹ̀rọ náà dé, ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ kó o tó fi iná sí i. Tó bá sì jẹ́ pé dúdú àti funfun nìkan ló ń gbé jáde, má pariwo pé ó ti bàjẹ́: ọ̀nà tí Japan àti Amẹ́ríkà fi ń fi àwọ̀ ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí a ń lò níbí, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan kò sì gbọ́ èdè méjèèjì.

Nípa kásẹ́ẹ̀tì: jọ̀ọ́, má fẹnu fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la fẹ́ ẹ. Itọ́ tó wà nínú èémí wa ló ń mú kí àwọn eyín bàbà inú rẹ̀ dógùn-ún. Yíyọ tí a yọ ọ́ tí a tún tì í padà ló máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, a wá rò pé ẹ̀mí wa ló jí i. Ra ọtí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń fọ bọ́ọ̀dù, fi òwú ìnutí nù ún, jẹ́ kó gbẹ. Ó tán.

Ní ṣọ́ọ̀bù, má gbà kí wọ́n fi í hàn ọ́ kí wọ́n sì pa á kíákíá. Jókòó. Jẹ́ kó gbóná. Tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ti páàdì kejì pẹ̀lú. Ẹni tó ń tà á á máa wò ọ́ bí ẹni tí kò níṣẹ́. Jẹ́ kó máa wò ọ́.

Jẹ́ kí n wá sọ ti àwọn ọkọ wa, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń ka èyí nítorí tiwọn. Tiwọn kì í sábà jẹ́ Mario. Tiwọn ni PlayStation, ilé géèmù, àti Winning Eleven ti Konami. PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní December 1994, èkejì, ìyẹn PS2, jáde lọ́dún 2000, wọn kò sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di ọdún 2013. Kò sí ẹ̀rọ géèmù inú ilé mìíràn tí wọ́n tà tó o láyé: ó lé ní mílíọ̀nù 155. Ní àdúgbò wa, o mọ bí ilé géèmù ṣe máa ń rí: yàrá kan, kátíìnì tó ti dọ̀tí, jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́yìnkùlé tó ń pariwo, bẹ́ńṣì gígùn. Àwa obìnrin kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń rán wa dé: "Dádì ní kó o máa bọ̀ nílé." Láti ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo ti rí i tí wọ́n dojú PlayStation dé bí ìgbà tí wọ́n da abọ́ dé, kó tó lè ka síídì. Àwọn ti àkọ́kọ́ yẹn, ike ni wọ́n fi ṣe ibi tí lẹ́ǹsì ń rìn lé, tó bá ti jẹ tán, lẹ́ǹsì á wọ́. Dídojú rẹ̀ dé ń gbé e padà síbi tó yẹ. Ta ló kọ́ àwọn ọmọ Ìdímù? Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Tí ọkọ rẹ bá sọ pé òun fẹ́ ra PS2 torí Inter Milan tó ní Adriano àti Obafemi Martins nínú, má fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkó ni Obafemi, nínú géèmù yẹn kò sẹ́ni tó lè bá a nínú eré sísá. Ẹni tó bá mú Inter, àwọn tó kù á máa bú u pé ojo ni. Adriano tó bá fẹsẹ̀ òsì yìn ín, góòlù kípà á kàn wò ó ni. Mo mọ gbogbo èyí, mi ò sì gbá a rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà.

Ohun tí wàá ṣe nìyí: bi í pé, ta lẹ máa ń jọ gbá a? Á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ. Lágbájá wà ní Canada. Tàmẹ̀dò wà ní London, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣiṣẹ́, òru ni tiẹ̀. Ẹnì kan ti kú. Ẹnì kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí owó. Nígbà tó bá dárúkọ wọn tán, ìwọ fúnra rẹ á mọ̀ bóyá PS2 ló ń wá. Mo mọ obìnrin kan tó pe ọ̀rẹ́ ti Ẹ̀gbẹ́dá náà wá jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kí ara wọn bí àjèjì. Nígbà tí wọ́n tan géèmù yẹn, tí ọ̀kan mú Inter, ẹnu wọn là. Ẹ̀rọ yẹn ò tiẹ̀ dára, ọ̀kan nínú páàdì rẹ̀ ń fa ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sápá òsì. Òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣe àwáwí tí wọ́n bá nà wọ́n.

Má sì rò pé nítorí pé tiwa jẹ́ àdàkọ, tàbí pé ó gbó, ni kò fi dùn. Sony fúnra rẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ní December 2018, wọ́n gbé PlayStation kékeré kan jáde, PlayStation Classic, géèmù 20 nínú rẹ̀, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Àwọn èèyàn sáré sí i, wọ́n sì kábàámọ̀: mẹ́sàn-án nínú àwọn géèmù náà ló jẹ́ irú èyí tó ń falẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ ní Amẹ́ríkà. Láìpẹ́, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù kankan nínú ogún yẹn, o gbọ́? PlayStation láìsí bọ́ọ̀lù! Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò dé Ìkọ̀tún rí.

Ti àwọn ọmọ ńkọ́? Má fipá mú wọn. Ọmọ tó ti mọ fóònù láti kékeré á kọ́kọ́ na ìka sí tẹlifíṣọ̀n láti fi sún Mario síwájú. Tó bá rí i pé kò sún, á wò ọ́ tàánútàánú. Tó bá kú, á béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń tẹ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kú sí. Tí o bá sọ pé kò sí, pé ìbẹ̀rẹ̀ pátá ni, á ní ìyà kí wá nìyẹn. Kò parọ́. Àwọn tó ṣe irú géèmù yẹn náà mọ̀ pé ó le jù: Kazuhisa Hashimoto ti Konami, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí Gradius tó jáde fún ẹ̀rọ Nintendo lọ́dún 1986, kò lè borí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ló bá fi ọ̀nà ẹ̀bùrú kan pa mọ́ sínú rẹ̀: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Òun náà ló wá ń fúnni ní ẹ̀mí 30 nínú Contra. Kọ́ ọmọ rẹ ní ìyẹn. Á fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìtàn ìgbà èwe rẹ lọ.

Contra gan-an ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé èwo ni kí àwọn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì ń jọ sáré lẹ́ẹ̀kan náà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan. Ó tún ní ìwà kan tó mú un yẹ fún ọmọ ìyá: tí ẹ̀mí rẹ bá tán, o lè mú nínú ti ẹnì kejì rẹ láti fi máa lọ. Kò ní bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ó jà. Ó yẹ kẹ́ ẹ jà.

Má ra ohunkóhun kí ẹ tó dán an wò. Yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní in fún ọjọ́ Iléyá tàbí Kérésì tí gbogbo yín bá pé sílé Màámi. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ Màámi tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n fi aṣọ bò, òun ló dára jù fún un, má jẹ́ kí wọ́n tà á fún oníkọ̀ndẹ́mù. Ẹni tí wọ́n bá nà, kó dìde. Gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Tí Màámi bá ní kí ẹnì kan wá ro ọbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni kó dìde lọ́tẹ̀ yìí, kó o wá bá a gbá tiẹ̀ kó tó dé.

Tí o ò bá fẹ́ wàhálà ẹ̀rọ rárá, Nintendo ti kó púpọ̀ nínú àwọn géèmù NES sórí Switch láti September 2018 fún ẹni tó bá ń san owó oṣù tàbí ti ọdún. Konami náà kó àwọn Contra jọ sí ojú kan lọ́dún 2019. Kò ní òórùn ike gbígbóná yẹn, ṣùgbọ́n kò ní jó sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ.

Tó bá sì jẹ́ pé o ti sanwó kó o tó ka èyí, tàbí ọkọ rẹ ti gbé e délé láìsọ fún ọ, fara balẹ̀. Má jẹ́ kí ó di ìjà níwájú ọmọ. Jẹ́ kó lò ó títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, tí kò bá sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án mọ́, tà á nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ṣì ń fi ọ̀sán gangan wá irú rẹ̀, ìyẹn ni kí Kérésì tó dé, torí ní January kò sẹ́ni tó lówó. Kó o tó ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, wá ádápítọ̀ àti wáyà aláwọ̀ mẹ́ta tí a fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ná. Yẹ abẹ́ àga wò. Wo inú àpò tí ẹ ń kó ṣájà tó ti bàjẹ́ sí. Láìsí wọn, iye tí oníkọ̀ndẹ́mù bá pè é lo máa gbà.